Kòkó Abẹ́ Ewé: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Rere tí Ojú Ẹlòmíràn Kò Tó

Ìbéèrè kan ń bẹ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa máa ń bi ara wọn, tí ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wa gbé yẹ̀wò pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko nìkan. Ìbéèrè náà nìyí: bí owó tí a ń san fún iṣẹ́ rere kò bá ju èyí tí a ń san fún iṣẹ́ jákujàku lọ, tí kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀, ó ha yẹ kí ènìyàn ṣe làálàá láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa bí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn wéré pé ó yẹ, wọn yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó bá yá lẹ́nu bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́kàn. Nítorí náà a fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí oko kòkó, níbi tí ó gbé ń dun ènìyàn ní tòótọ́, kí a tó sọ èyí tí àwa gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kòkó ń rán lọ sí ilé-ìwé ni kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Gbọ̀ngán, ní Ìkirè, ní Àpòmù, ní Òde-Òmu, àti ní àwọn abúlé tí ó wà káàkiri láàrin wọn, àwọn àgbẹ̀ kékeré ni wọ́n ń gbin kòkó: ẹni tí ó ní éékà díẹ̀, tí ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tàbí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la igbó rẹ̀. Òun àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti bóyá alágbàṣe kan tàbí méjì, ni wọ́n jọ ń ká a tí wọ́n sì jọ ń fọ́ ọ.

Nígbà tí a bá ti fọ́ èso kòkó, hóró inú rẹ̀ a máa tutù, ohun funfun kan tí ó dùn a sì máa bẹ lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, yóò kó hóró náà jọ sórí rẹ̀, yóò sì fi ewé mìíràn bò ó. Ohun dídùn náà yóò kọ́kọ́ di ọtí, gẹ́gẹ́ bí ẹmu ti í ṣe nínú agbè. Lẹ́yìn náà yóò kan. Òkìtì náà yóò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ooru inú rẹ̀ fi lè tó ìwọ̀n 45 sí 50 ti Celsius. Ooru àti kíkan yìí ni ó ń pa ọmọ inú hóró kí ó má ba à hù, òun ni ó ń dín ìkorò rẹ̀ kù, òun náà ni ó sì ń fi ìpìlẹ̀ adùn àti òórùn rere lélẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ mẹ́fà ni ó yẹ kí ó lò lábẹ́ ewé, kí a sì máa yí i padà ní ọjọ́ méjì-méjì, kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Lẹ́yìn èyí ni sísá. A ó sá a fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa tú u ká nínú oòrùn, a ó máa ṣa ìdọ̀tí àti hóró tí ó fẹ́lẹ́ kúrò, a ó máa sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú, títí omi tí ó kù nínú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí 7 nínú 100 lọ.

Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Ohun tí àgbẹ̀ kò bá ṣe nínú ọjọ́ mẹ́fà wọ̀nyí, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè bá a ṣe é mọ́. Kòkó tí a kò bò tó, bí a tilẹ̀ yan án nínú ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ ní Yúróòpù, kì yóò ní òórùn rere náà láéláé. Èyí tí ó bá bu nínú, kò sí omi tí ó lè fọ̀ ọ́. Èyí tí a bá fi èéfín igi gbẹ, adùn èéfín kì í kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí a sì sá sórí ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ̀gbin ọ̀nà ni yóò bá a lọ. Gbogbo àwọn tí yóò fọwọ́ kàn án lẹ́yìn àgbẹ̀, alágbàtà ni, onímọ́tò ni, ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ohun tí ó ti ṣe ni wọn yóò gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó tálákà jù lọ nínú wọn ni ìwà rere ọjà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ìdánwò tí ó dé bá a? Bí ó bá bo kòkó ní ọjọ́ méjì péré, tí ó sì sá a, ara hóró náà yóò pọ́n bí ti èyí tí ó lo ọjọ́ mẹ́fà. Bí kò bá jẹ́ kí ó gbẹ tán, omi inú rẹ̀ yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n, a ó sì san owó omi fún un bí ẹni pé kòkó ni. Alágbàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, iye kan náà ni ó sì ń san fún èyí tí ó gbẹ dáadáa àti èyí tí kò gbẹ. Òjò ń ṣú. Owó ilé-ìwé ti tó san. Nígbà mìíràn, alágbàtà kan náà ni ó ti yá a lówó nígbà tí oúnjẹ wọ́n, gbèsè náà ni ó sì wá gbà. Ẹni tí ó bá jókòó nínú ilé tí kò jo, tí ó ń gba owó oṣù, kí ó má ṣe yára dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

Òtítọ́ ni pé àwọn ayẹ̀kòkówò wà. Ọ̀nà iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mú 300 hóró nínú kòkó tí a kó wá, kí wọ́n fi ọ̀bẹ là á ní òró, kí wọ́n sì wo inú rẹ̀. Bí èyí tí ó bu kò bá ju 3 nínú 100 lọ, tí èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú nítorí pé a kò bò ó tó kò ju 3 lọ, tí èyí tí kòkòrò jẹ tàbí tí ó hù tàbí tí ó fẹ́lẹ́ kò sì ju 3 lọ, gíréèdì kìíní ni. Ọ̀nà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Hóró kòkó kan tí ó gbẹ a máa tó nǹkan bí gíráàmù kan. Àpò kòkó kan gba kílò 62 àti ààbọ̀. Nítorí náà hóró tí ó wà nínú àpò kan ṣoṣo lé ní 60,000. Ọ̀bẹ rí 300. Ta ni ó rí ìyókù? Ẹni tí ó bò ó ni ó rí i.

Àwọn kan wí pé owó ni gbogbo rẹ̀: ẹ san owó rere, ẹ ó sì rí iṣẹ́ rere. Ìtàn ilẹ̀ wa kò sọ pé wọ́n purọ́. Ní ọdún 1947 ni a dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1954 iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ń san owó tí ó pọ̀ fún gíréèdì kìíní ju èyí tí wọ́n ń san fún ti ìsàlẹ̀ lọ, láàrin ọdún díẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkó tí a ń kó wá di gíréèdì kìíní. Oòrùn kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni igi kòkó kò yí padà. Àgbẹ̀ rí i pé a mọ iyì iṣẹ́ òun ni. Ní ọdún 1986 ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ ọjà rẹ́, oníkálukú sì ń ra kòkó bí ó ti wù ú. Àwọn alágbàtà ń sáré bá ara wọn du kòkó, àyẹ̀wò rọ, ìwà kòkó wa sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùrà òkè òkun fi ń yọ nínú owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé owó kò kan ọ̀rọ̀ ìwà, kò tíì jókòó ti àgbẹ̀ rí.

Síbẹ̀, bí owó nìkan bá ni ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ náà kò le. Ní ọdún 2024, nítorí pé ìkórè kò dára ní Ghana àti ní Côte d'Ivoire, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Ọ̀wọ́n ni ó gbé owó náà sókè. Kò sí ẹni tí ó san án nítorí pé kòkó dára sí i. Ẹni tí ó bo kòkó rẹ̀ dáadáa àti ẹni tí kò bò ó tó jọ yọ̀ ni. Ní ọdún 2025 owó náà tún wálẹ̀ púpọ̀. Bí ìwà wa bá ń bá owó gòkè, kò sí ohun tí yóò dá a dúró tí kò fi ní bá a sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọjà bá sì kún ni olùrà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Nígbà náà ni a ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́.

Kí a má ba à rò pé kòkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ẹ jẹ́ kí a wo kọfí díẹ̀. Kọfí wà ní ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tí a ń pè ní Robusta, àwọn àgbẹ̀ wa a sì máa sá a tòun ti èèpo kí wọ́n tó bó o. Ọ̀nà yìí ni ó pẹ́ jù lọ láyé, òun náà ni wọ́n sì ń lò ní Yemen àti ní Harar ní ilẹ̀ Ethiopia. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣòwò ńlá fi ojú tín-ínrín wo kọfí tí a sá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá a ń já èyí tí ó pọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí kò pọ́n, wọ́n ń dà á sórí ilẹ̀ lásán, wọn kò sì yí i padà títí yóò fi bu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kan ní Ethiopia ń já kìkì èyí tí ó pọ́n. Wọ́n ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pẹpẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń yí i padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Wọ́n ń bò ó ní alẹ́ nítorí ìrì, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, títí omi inú rẹ̀ yóò fi kù bí 11 tàbí 12 nínú 100. Kọfí wọn a máa ní adùn bí ti èso, owó rẹ̀ a sì máa ga. Oòrùn kan náà ni, èso kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Ọwọ́ ni ó yàtọ̀.

Ní ọdún 1974 ni obìnrin oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà, Erna Knutsen, fún irú kọfí àṣàyàn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é títí di òní. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́ kọfí wò a sì máa fún un ní máàkì nínú 100 bí olùkọ́ ti í ṣe. Èyí tí ó bá gba 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń kà mọ́ àṣàyàn. Ṣùgbọ́n ní Ethiopia náà, nígbà tí ìjọba dá ilé ìṣòwò ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní ọdún 2008, agbègbè àti gíréèdì ni wọ́n fi ń pín kọfí. Ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ọ̀kan nínú àpò, orúkọ ẹni tí ó ṣe é sì sọnù. Ní ọdún 2017 ni a tún òfin náà ṣe, kí a lè mọ ibi tí kọfí ti wá. Ẹ ò rí i pé ohun tí ó ń dun àgbẹ̀ Gbọ̀ngán ni ó dun tiwọn náà: kì í ṣe pé owó kéré nìkan, bí kò ṣe pé a da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀lẹ, tí a sì pe méjèèjì ní ohun kan náà.

Nísisìyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Èrò wa ni pé gbèsè méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni pé wọ́n ka méjèèjì sí ọ̀kan. Gbèsè kìíní ni èyí tí olùrà jẹ àgbẹ̀: kí ó san owó tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Gbèsè kejì ni èyí tí àgbẹ̀ jẹ: kí ohun tí ó tà jẹ́ ohun tí ó pè é. Àgbẹ̀ wí pé, "Nígbà tí kò san tèmi, èé ṣe tí èmi yóò fi san tirẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ì bá tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé olùrà nìkan ni ó jẹ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó jẹ ní gbèsè.

Èkíní ni ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tàbí tí yóò mu ún. Ẹ̀bu kan wà tí í máa mú májèlé jáde nínú kòkó àti nínú kọfí tí kò gbẹ dáadáa. Ọmọdé tí ń mu kòkó ní òwúrọ̀, bóyá ní London, bóyá ní Ìbàdàn, kò bá àgbẹ̀ ná ọjà, kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí a ó fi gbẹ̀san alágbàtà lára rẹ̀?

Èkejì ni aládùúgbò. Orúkọ kan ni gbogbo wa ń jẹ́ ní ọjà. Bí àpò kan bá bu, wọn kò ní wí pé ti lágbájá ni ó bu. Wọn yóò wí pé kòkó Nàìjíríà kò dára, owó opó tí ó gbin éékà kan lẹ́yìn odi ìlú yóò sì dín kù pẹ̀lú ti ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹta ni òun tìkára rẹ̀. Ọwọ́ tí ó bá ti mọ bí a ti ń fi iṣẹ́ pamọ́ lábẹ́ ewé kì í fi í mọ sí oko. Yóò bá a dé ilé, yóò bá a dé ìpàdé ẹbí, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá a da kòkó ọlọ́jọ́ méjì sínú àpò yóò sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ilé-ìwé kò ní lè fọ̀ kúrò lọ́kàn wọn. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Ọmọ mi ń ṣàìsàn, n kò lè dúró de ọjọ́ mẹ́fà." A kò ní sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ọmọ kú nítorí kòkó. Kí ó tà á. Ṣùgbọ́n kí ó wí fún olùrà pé, "Ọjọ́ méjì ni eléyìí lò lábẹ́ ewé." Àìní lè dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ tí ó dára, kò lè fi ipá mú un láti pe iṣẹ́ náà ní ohun tí kì í ṣe. Bí alágbàtà bá gbọ́, tí ó sì tún lọ dà á pọ̀ mọ́ ti ẹni rere, ọrùn alágbàtà ni ẹ̀bi náà bọ́ sí, kì í ṣe ọrùn bàbá ọmọ.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ olùrà. Ẹni tí ó ń ra rere àti búburú ní iye kan náà, olùkọ́ni ní ìwà búburú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ̀rọ̀ kankan. Kò lè jókòó lórí àpò, kí ó máa kùn pé àwọn àgbẹ̀ kò ṣe olóòótọ́ mọ́. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò sì lágbára láti yí i lọ́kàn padà, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ṣe iyebíye. Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí a fi ń fi orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ogún àgbẹ̀ bá jọ bo kòkó wọn bí ó ti yẹ, tí wọ́n jọ yẹ ti ara wọn wò kí ọ̀bẹ ayẹ̀kòkówò tó kàn án, tí wọ́n sì jọ tà á ní orúkọ kan, iṣẹ́ rere kò sọnù mọ́ nínú àpò ẹlòmíràn. Wọ́n sì lè yá ara wọn lówó, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn má ba à tú ewé ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Olùkọ́ tí ó ń fi àmì "ó dára" sí gbogbo ìwé láìkà á, alágbàtà tí ń ra gbogbo kòkó ní iye kan náà ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, bí a bá ní kí ẹ gbálẹ̀, tí ẹ gbá ojú ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà wọlé, tí ẹ fi abẹ́ àga sílẹ̀, kòkó ọlọ́jọ́ méjì ni ẹ ti ń dì sínú àpò yẹn. A kò ṣèlérí fún yín pé ẹni tí ó bá gbá abẹ́ àga yóò gba ẹ̀bùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní gbà á. Kí ẹni tí ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ rántí gbèsè tirẹ̀. Kí àwa náà má sì ṣe dúró dè é kí a tó san tiwa.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún lọ sí oko ní àkókò ìsinmi, tí àwọn òbí yín bá sì ní kí ẹ wá yí kòkó padà ní ọjọ́ kẹrin, tí ewé náà gbóná, tí òórùn kíkan rẹ̀ ń gún imú, ẹ má ṣe ka iṣẹ́ náà sí kékeré. Ẹ yí i dé ìsàlẹ̀.